Ohùn Gìtá àti Egungun Orí Rẹ̀

Ní Ìlọrin níhìn-ín, a ti mọ gòjé àti mólò, tí wọ́n ti ọ̀dọ̀ àwọn Hausa wá, kí gìtá tó dé. Okùn kan ṣoṣo ni gòjé ní, irun ìrù ẹṣin sì ni. Kò sí irin lọ́rùn rẹ̀. Ìka onígòjé ni ó ń wá ibi tí ohùn wà. Bí ó bá ṣì í, òun ni ó ṣì í.

Ti gìtá kò rí bẹ́ẹ̀. Etí òkun ni ó gbà wọlé, àwọn atukọ̀ Kru sì wà lára àwọn tí ó mú un rìn. Ní 1936 Túndé King gba orin jùjú sínú àwo ní Èkó. Ní 1949 Àyìndé Bákàrè so gìtá tirẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Ọrùn gìtá ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a tò ní ìbú: ẹni tí ó kàn án ti yan ibi ohùn fún olórin. Vincenzo Galilei ará Ítálì, baba Galileo tí ó wo ìràwọ̀, kọ ọ́ ní 1581 pé kí a pín gígùn okùn sí ọ̀nà 18, kí irin kìn-ín-ní wà níbi tí ìdá kan parí sí, kí a sì tún pín èyí tí ó kù bẹ́ẹ̀. Lóde òní, bí okùn bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 65, irin kejìlá a wà ní 32.5, àárín gan-an. Ẹ fi rúlà wò ó.

Ṣùgbọ́n irin lè wà ní ipò rẹ̀, kí ohùn ó ṣì bàjẹ́. Lókè ọrùn ni egungun kékeré kan wà tí okùn ń gba kòtò rẹ̀ kọjá. Bí kòtò náà kò bá jìn tó, okùn a ga. Bí ìka bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin kìn-ín-ní, a nà, ohùn a sì lọ sókè jù. Bákan náà ni bí egungun bá jìnnà sí irin kìn-ín-ní ju ìwọ̀n lọ.

Àwọn tí ń kan gìtá Selmer ní Paris láti 1932, àti Höfner ní Jámánì lẹ́yìn wọn, fi irin kan síwájú egungun náà. Irin òdo ni, a kì í kà á mọ́ ìyókù. Okùn tí a kò tẹ̀ jókòó lórí irin bí èyí tí a tẹ̀. Egungun kàn ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni. (Bí irin òdo bá ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, àrùn àtijọ́ ti padà nìyẹn.)

Gìtá tí a ní ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni kò ní irin òdo. Mo bá akẹ́kọ̀ọ́ kan wí lórí rẹ̀ fún odidi sáà kan. Mo ní etí rẹ̀ kò mọ ohùn, lójú ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo gbé gìtá náà fúnra mi, okùn tí a kò tẹ̀ dára, irin kejìlá dára, irin kìn-ín-ní ń ké. Mo fi fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ mú kòtò náà jìn díẹ̀díẹ̀. Mo ránṣẹ́ pe ọmọ náà, mo sì tọrọ àforíjì. Ó gba gìtá lọ́wọ́ mi, ó tẹ irin kìn-ín-ní, ó ta á, ó tún un ta, ó pẹ́ kí ó tó dá mi lóhùn.