Ìwé Ìṣẹ́jú Kan

Ìwé ìṣẹ́jú kan jẹ́ ọ̀nà tí olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga fi ń mọ ohun tó yé akẹ́kọ̀ọ́ àti ohun tó ṣì rú u lójú, kí ìdánwò tó tú àṣírí. Bí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà bá kù díẹ̀ kó parí, olùkọ́ á ní kí oníkálukú fa bébà yọ, kó dáhùn ìbéèrè méjì: Kí lo kọ́ lónìí tó ṣe pàtàkì jù? Kí ni kò tíì yé ọ? Wọn kì í sábà kọ orúkọ sí i, kò sì ní máàkì. Inú àìkọ orúkọ yẹn lagbára ẹ̀ wà, torí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò jẹ́ nawọ́ láàárín ẹgbẹ́ á kọ òótọ́ ọkàn rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Charles Schwartz, tó kọ́ni ní físíìsì ní Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley, ni wọ́n sọ pé ìlànà yìí ti ṣẹ̀ wá, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ní Harvard, Frederick Mosteller, àgbà nínú ìmọ̀ statistics, náà bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ léèrè ibi tó rú wọn lójú jù. Thomas Angelo àti K. Patricia Cross ló wá kó irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ jọ sínú ìwé. Ẹ̀dà kejì rẹ̀, tó jáde ní 1993, ní ọgbọ́n 50.

Ká ní kíláàsì statistics ni. Olùkọ́ ka bébà tán, ó rí i pé ọ̀pọ̀ ni kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìpíndọ́gba àti iye tó bọ́ sí àárín. Kò ní tún àlàyé àná ṣe. Á kọ owó oṣù èèyàn márùn-ún sójú pátákó: òṣìṣẹ́ mẹ́rin ń gba ₦100,000, ọ̀gá wọn ń gba ₦2,000,000. Ìpíndọ́gba jẹ́ ₦480,000, owó tí ẹnì kankan nínú wọn kì í gbà. Iye àárín jẹ́ ₦100,000. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ọ̀rọ̀ ti yanjú.

Eric Mazur, onímọ̀ físíìsì ní Harvard, kì í tilẹ̀ dúró dìgbà tí ẹ̀kọ́ bá parí. Láti 1991 ló ti ń da ìbéèrè sílẹ̀ láàárín ẹ̀kọ́: oníkálukú á kọ́kọ́ mú ìdáhùn tirẹ̀, á bá ẹni tó jókòó tì í jiyàn, á sì tún dáhùn. Fọ́ọ̀mù tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń sọ èrò wọn nípa ẹ̀kọ́ ní òpin sáà kò lè ṣe irú iṣẹ́ tí ọ̀nà méjèèjì yìí ń ṣe. Ẹni tó ráhùn sínú rẹ̀ ti kúrò ní kíláàsì náà kí wọ́n tó kà á.

Àmọ́ àṣejù ń ba ìwé ìṣẹ́jú kan jẹ́. Angelo àti Cross fúnra wọn kìlọ̀ pé bí wọ́n bá ń lò ó lálòjù, akẹ́kọ̀ọ́ á kà á sí eré lásán. Níbi tí èrò bá sì ti pọ̀, kíka díẹ̀ nínú bébà náà ti tó. Olùkọ́ tó bá gbà á, tí kò padà wá sọ ohun tó rí níbẹ̀, ti fi àkókò gbogbo wọn ṣòfò.