Bí Kò Bá Nídìí, Obìnrin Kì Í Jẹ́ Kúmólú

Orúkọ ọkùnrin ni Kúmólú, ilé tí ikú ti mú olórí lọ ló sì ń sọ ọ́. Bí wọ́n bá wá fi pe obìnrin, ẹni tó gbọ́n á kọ́kọ́ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé náà. Ìbéèrè yẹn gan-an ló yẹ ká bi ẹni tó ní òun ń gbọ́ ohùn kan tó ń kùn hùùù lóru ní Ìyànà-Ìbà, l'Ékòó, tí aládùúgbò rẹ̀ ò gbọ́ nǹkan kan. Kíá la máa ń sọ pé ayé ló ń ṣe é, tàbí pé orí rẹ̀ ti ń dàrú. Èmi takú pé ìdí ń bẹ, ó sì ṣeé wá rí.

Ní ìlú Windsor, lórílẹ̀-èdè Kánádà, láti nǹkan bí ọdún 2011 làwọn kan ti ń ráhùn irú ohùn yìí, táwọn míì ò sì gbọ́ ọ rárá. Ìwádìí tó jáde ní 2014 nàka sí Zug Island, ní òdìkejì odò ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Nígbà tí wọ́n pa iná ìléru ibẹ̀ ní 2020, ohùn náà dákẹ́. Àwọn tí wọ́n pè ní aláròsọ kò purọ́. Etí ò kàn dọ́gba ni. Nílẹ̀ wa níhìn-ín, láti Okokomáíkò dé ọjà Ìyànà-Ìbà, ta ni kò mọ jẹnẹrétọ̀? Èyí tó bá ń yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìgbà 50 ló ń yí ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ohùn tó rẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń la ògiri kọjá nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu bá ti kù síta.

Ẹnì kan lè ní: “Mo fìka di etí, kò dákẹ́, inú etí mi ló wà nìyẹn.” Kò tíì dájú. Ohun tí ògiri ò lè dí, ìka ò lè dí i tán. Kí onítọ̀hún lọ sun ibi tí kò sí ẹ̀rọ kankan nítòsí. Bí ohùn náà bá bá a débẹ̀, etí ló ń hó. Ìyẹn náà ní ìdí tirẹ̀: ariwo ọlọ́jọ́ pípẹ́, ìdọ̀tí tó dí etí, tàbí oògùn. Kuníínì tí wọ́n fi ń wo ibà líle ń mú etí hó, ó sì sábà máa ń lọ bí oògùn bá tán. Ti abẹ́rẹ́ gentamicin lè má lọ mọ́, nítorí náà ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe oníṣègùn.

Ẹni tí etí kan ṣoṣo ń hó, tàbí tí híhó náà ń bá ìlù ọkàn rẹ̀ rìn, ẹ jọ̀ọ́, kó má da òróró sí i o. Kó lọ rí dókítà elétí ní ilé ìwòsàn LASUTH, n'Ìkẹjà.