Fóòmù inú táyà kẹ̀kẹ́ ológeere

Fóòmù inú táyà kẹ̀kẹ́ ológeere ni ọ̀já fóòmù tí a tẹ́ yí inú táyà ká láti dáàbò bo túùbù àti rímù nígbà tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá já sí kòtò tàbí tí ó bá gun òkúta. Àwọn iléeṣẹ́ kan ń ṣe é tà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oníkẹ̀kẹ́ ló ń fi ọwọ́ ara wọn gé e láti ara fóòmù tó wà lọ́jà. Kì í rọ́pò afẹ́fẹ́: afẹ́fẹ́ ló ń gbé ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́, fóòmù sì wà níbẹ̀ fún ìgbà tí agbára afẹ́fẹ́ kò bá ká a mọ́.

Ìtàn

Kí táyà aláfẹ́fẹ́ tó tàn kálẹ̀, rọ́bà líle tí kò ní afẹ́fẹ́ nínú ni wọ́n ń fi sí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Irú táyà bẹ́ẹ̀ kì í jò, ṣùgbọ́n ó máa ń gbo ènìyàn jìgìjìgì. Robert William Thomson, ọmọ Scotland, gba ìwé àṣẹ lórí táyà aláfẹ́fẹ́ ní ọdún 1845, ṣùgbọ́n kò tàn kálẹ̀ nígbà náà. Ní ọdún 1888, John Boyd Dunlop, dókítà ẹranko tó ń gbé ní Belfast, gba ìwé àṣẹ lórí tirẹ̀, èyí sì ni ayé tẹ́wọ́ gbà. Ní ọdún 1891, àwọn ọmọ ìyá Michelin ní ilẹ̀ Faransé gbé táyà tó ṣeé tú jáde, tí ó mú kí lílẹ túùbù rọrùn. Láti ìgbà náà ni àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti ń wá ọ̀nà tí ìrọ̀rùn afẹ́fẹ́ yóò fi wà láìsí ìyọnu jíjò.

Ní àwọn ọdún 1980, Michelin ṣe fóòmù tí wọ́n ń fi rọ́pò afẹ́fẹ́ nínú táyà alùpùpù ìdíje. Lẹ́yìn náà ni èrò náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè. Lára àwọn tó ń ṣe fóòmù kẹ̀kẹ́ tà lónìí ni CushCore ní Amẹ́ríkà àti Tannus ní Gúúsù Kòríà.

Ní Nàìjíríà, Michelin ti iléeṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní ọdún 2007, Dunlop sì dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà ní ọdún 2008. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ táyà tí à ń lò ti ń wá báyìí, nítorí náà ohunkóhun tó bá mú kí táyà àti túùbù pẹ́ wúlò fún ẹni tó ni kẹ̀kẹ́.

Ìdí tí a fi ń lò ó

Kì í ṣe ìṣó nìkan ló ń mú kí túùbù jò. Bí afẹ́fẹ́ kò bá tó, tí táyà sì já lu etí kòtò, túùbù yóò há sí àárín rímù àti òkúta, yóò sì lu ihò méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ojú eyín ejò. Rímù pẹ̀lú lè tẹ̀. Rímù tó tẹ̀ a máa kan rọ́bà bíréèkì, kẹ̀kẹ́ kò sì ní dúró bó ṣe yẹ mọ́.

Ilẹ̀ agbègbè Ìjànìkin, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọjọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, jẹ́ àpẹẹrẹ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣe pàtàkì. Ẹ̀gbẹ́ òpópónà Èkó sí Badagry ni ìlú náà wà, ibẹ̀ sì ni Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó wà, níbi tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Adéníran Ògúnsànyà wà títí di ọdún 2022. Iyanrìn ló pọ̀ nínú ilẹ̀ etí òkun yìí. Ẹni tó bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ nínú iyanrìn ní láti dín afẹ́fẹ́ táyà kù kí táyà lè tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ó má baà rì. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti inú iyanrìn bọ́ sí ojú ọ̀dà tó ní kòtò, afẹ́fẹ́ tó dín kù náà ni yóò mú kí túùbù há. Àárín ohun méjì tó tako ara wọn yìí ni fóòmù ti wúlò jù.

Irú fóòmù tó yẹ

Fóòmù bẹ́ẹ̀dì àti ti àga kò yẹ. Àwọn ihò inú rẹ̀ já wọ inú ara wọn, ó sì ń fa omi mu bíi kànìnkànìn. Bí òjò bá pa á, yóò wúwo, rímù onírin yóò sì dípẹtà. Fóòmù funfun tó ń rún wẹ́wẹ́ kò yẹ pẹ̀lú, nítorí kì í padà sípò bí a bá tẹ̀ ẹ́.

Èyí tó yẹ ni fóòmù tí ihò kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ dá dúró ní dídì: fóòmù rírọ̀ tí wọ́n fi ń di ẹ̀rọ, rọ́bà dúdú tí wọ́n fi ń bo páìpù ẹ̀rọ amúlétutù, tàbí irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sílípásì. Láti dán an wò, a ó rì í sínú omi, a ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú omi náà, a ó sì fún un. Bí omi bá ń jáde lára rẹ̀, kò yẹ.

Bí a ṣe ń ṣe é

Nọ́ńbà kejì nínú irú àkọlé bíi 37-622 tó wà lára táyà ni ìbú rímù láti etí kan sí èkejì ní mìlímítà, níbi tí táyà jókòó sí. Bí a bá fi 3.14 sọ ọ́ di púpọ̀, a ó rí gígùn àyíká rẹ̀. Ìbú 559 yóò fún wa ní nǹkan bí 1,755, 622 yóò fún wa ní 1,953, 635 tó jẹ́ ti ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ àtijọ́ yóò sì fún wa ní 1,994.

Bí táyà bá ní túùbù, ọ̀já pẹlẹbẹ tó nípọn tó mìlímítà 5 sí 10 ni a ó gé, a ó sì tẹ́ ẹ sí àárín táyà àti túùbù. Ó lè gba kí a lo túùbù tó kéré díẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Bí táyà kò bá ní túùbù, fóòmù róbótó ni a ó fi yí rímù ká, tí ìpọn rẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì ìbú táyà. A ó gé ìdí fáàfù níhà fóòmù kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kọjá.

Ẹnu méjèèjì ni a ó gé ní dídagun, kí ojúupo má baà ga, lẹ́yìn tí a bá ti fi fóòmù náà wọn ibi tí yóò jókòó sí. A ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀, a ó sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa. Láti wọ̀ ọ́, a ó ti ẹ̀gbẹ́ kan táyà bọ inú rímù, a ó ki fóòmù sí i, a ó wá fi omi ọṣẹ pa etí kejì kí ó lè yọ̀ wọlé. Bí a bá fún un ní afẹ́fẹ́ tán, a ó yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ láti wò ó bóyá ó ń yí geere láìgbọ̀n.

Àléébù àti ààbò

Fóòmù ń fi kún ìwúwo ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ó sì ń mú kí títú táyà le. Kò lè dí ìṣó tàbí ẹ̀gún lọ́wọ́ pátápátá, nítorí náà iṣẹ́ kò tíì bọ́ lọ́wọ́ fọkanáísà. Bí afẹ́fẹ́ inú táyà bá ṣe le tó ni yóò ṣe máa fún ihò inú fóòmù pọ̀, tí fóòmù yóò sì máa kéré sí i; ìdí nìyí tí ó fi wúlò nínú táyà gbòòrò ju táyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fún ní afẹ́fẹ́ púpọ̀ lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá tán lójú ọ̀nà, ó yẹ kí a sọ̀ kalẹ̀, nítorí táyà lè bọ́ kúrò lára rímù bí a bá ń sáré.

A kò gbọdọ̀ fi iná tàbí ọ̀bẹ gbígbóná gé fóòmù. Èéfín fóòmù polyurethane tó ń jó ní májèlé sáyánáìdì nínú, ó sì lè pa ènìyàn. Ìta gbangba ni ó yẹ kí a ti lo gọ́ọ̀mù, jìnnà sí iná àti àwọn ọmọdé.