Lẹ́yìn Tí A Gé Gẹ̀gẹ̀: Ìtàn Oògùn Àràárọ̀ Kan

Kò sí ẹni tí a tọ́ dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ ohun tí à ń pè ní gẹ̀gẹ̀. Bí a kò tilẹ̀ fi ojú ara wa rí onígẹ̀gẹ̀, a ti gbọ́ nípa rẹ̀ nínú èébú àwọn ọmọdé. Ohun tí púpọ̀ nínú wa kò mọ̀, tí èmi pàápàá kò sì mọ̀ títí ó fi wọ inú ilé mi, ni ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí oníṣẹ́ abẹ bá ti gé gẹ̀gẹ̀ náà tán, tí ojú ọgbẹ́ ti jinná, tí àwọn ará ilé sì ti dúpẹ́ pé ewu ti fò wọ́n dá. Ìtàn èyí ni mo fẹ́ sọ. Ó gba ìlú Bern àti Newcastle kọjá kí ó tó dé orí tábìlì oúnjẹ wa. Ẹ̀yin òǹkàwé kò ní í fi ọ̀rọ̀ àwọn dókítà ṣe wàhálà púpọ̀, nítorí èmi kì í ṣe dókítà. Olùkọ́ ìtàn ni mí, mo sì jẹ́ ọkọ aya kan.

Níwájú ọ̀fun olúkúlùkù wa, nísàlẹ̀ gògóńgò, ni ẹran kékeré kan wà tí ó rí bí labalábá tí ó na ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Táírọ́ìdì ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pè é. Oje tí ó ń dà sínú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń pàṣẹ bí ara yóò ti yára tó lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀: bí ọkàn yóò ti máa lù, bí oúnjẹ yóò ti máa dà, bí ara yóò ti máa móoru. Áyódíìnì ni ẹran yìí fi ń ṣe oje náà. Níbi tí áyódíìnì kò bá tó nínú ilẹ̀ àti nínú omi, pàápàá ní ilẹ̀ olókè tí ó jìnnà sí òkun, ẹran náà a máa wú, a sì máa tóbi, gẹ̀gẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ohun kan ṣoṣo tí í fa gẹ̀gẹ̀ nìyí, ṣùgbọ́n òun ni ó mú kí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Switzerland látijọ́. Ó di 1922 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín iyọ̀ tí a fi áyódíìnì sí ní apá kan ilẹ̀ náà. Tiwa ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 1993.

Ní Bern ni Theodor Kocher ti di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú iṣẹ́ abẹ ní 1872. Ṣáájú rẹ̀, ẹni tí ó bá jẹ́ kí a gé gẹ̀gẹ̀ òun fi ẹ̀mí wewu gidigidi, nítorí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tí ó yí ẹran náà ká pọ̀ bí ìtàkùn. Kocher kì í kánjú. Ó ń mú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dì í, ó sì fẹ́ràn ìmọ́tótó ju ohun gbogbo lọ. Nígbà tí ó dàgbà sí iṣẹ́ náà tán, nínú 100 ènìyàn tí ó bá gé gẹ̀gẹ̀ wọn, ó ṣòro kí ẹyọ kan kú. Ní 1909 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel, òun sì ni oníṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ tí ó gbà á.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ jù ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Ní January 1874, ó gé gbogbo táírọ́ìdì ọmọbìnrin ọmọ ọdún 11 kan. Ọgbẹ́ jinná, ọmọ lọ sílé. Lẹ́yìn náà, dókítà tí ó rán ọmọ náà wá, August Fetscherin, sọ fún Kocher pé ìwà ọmọ yìí ti yí padà, kò ṣe bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọ̀gá kò wá ìdí ọ̀rọ̀ náà nígbà náà. Ọdún 8 kọjá. Ní 1882, Jacques-Louis Reverdin, oníṣẹ́ abẹ ní Geneva, sọ fún un pé òun ti ń rí irú rẹ̀ lára àwọn tí òun gé gẹ̀gẹ̀ fún. Ìgbà náà ni ara Kocher tó bu máṣọ. Ó ránṣẹ́ pe àwọn tí ó ti gé gbogbo táírọ́ìdì wọn padà wá. Nínú 18 tí ó yẹ̀ wò, 16 ni ara wọn kò dá: wọ́n wú lójú, otútù ń mú wọn, ohùn wọn wúwo, ọ̀rọ̀ ń pẹ́ lẹ́nu wọn, iye inú wọn ti rọ. Ọmọbìnrin ọjọ́sí wà nínú wọn. Kò ga mọ́. Àbúrò rẹ̀ tí ó kéré sí i tẹ́lẹ̀ ti ga jù ú lọ.

Ní 1883, Kocher dìde níwájú àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berlin, ó sì sọ ohun tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ fà fún wọn, kò fi pamọ́. Mo máa ń fi ìyẹn yìn ín ju ẹ̀bùn Nobel lọ. Ó ní òun kò tún ní í gé gbogbo rẹ̀ tán mọ́ fún gẹ̀gẹ̀ lásán.

Nǹkan kan wà níhìn-ín tí ó yani lẹ́nu. Theodor Billroth ní Vienna ń gé gẹ̀gẹ̀ ní ìgbà kan náà, ṣùgbọ́n àwọn tirẹ̀ kì í sábà dà bẹ́ẹ̀. Gìrì ni ó máa ń mú wọn. William Halsted, oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà tí ó mọ iṣẹ́ àwọn méjèèjì, ni ó ṣàlàyé rẹ̀ nígbà tí ó yá. Ọwọ́ Billroth yá, ó ń fi èérún táírọ́ìdì sílẹ̀ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ó ń ba àwọn hóró ẹran kéékèèké mẹ́rin ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́, àwọn tí ń ṣètò kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀. Kocher ń dá àwọn hóró wọ̀nyẹn sí, ṣùgbọ́n kì í fi èérún kan sílẹ̀. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ní àṣepé jù ni ó mú oje náà kúrò pátápátá.

Kí n tó kúrò ní Bern, ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun kan: ta ni ó kọ́kọ́ rí i? Kì í ṣe oníṣẹ́ abẹ. Ọrùn ni òun ń wò, ọrùn sì dára. Ẹni tí ó wà nítòsí aláìsàn ni ó rí i. Àmọ́ rírí yàtọ̀ sí mímọ ohun tí a rí, ibẹ̀ ni ẹ̀bi tèmi sì wà.

Ìyàwó mi ṣe iṣẹ́ abẹ ọrùn ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n sì gé gbogbo táírọ́ìdì rẹ̀. Nílé ìwòsàn náà, wọ́n kó oògùn fún wa bí a ti ń lọ sílé, wọ́n sì ní kí ó máa lò ó láràárọ̀. Kò sí ẹni tí ó jókòó sọ fún wa bí yóò ti rí. Ní oṣù kìíní, gbogbo ènìyàn ń wá kí wa. Ní oṣù kẹta, kò sí ẹni tí ó ń wá mọ́, ìyàwó mi sì ti di ẹlòmíràn. Obìnrin tí ó máa ń jí ṣáájú àkùkọ ń sùn títí oòrùn fi ràn. Ó ń wọ súwẹ́tà nígbà tí àwa ń fi ìwé fẹ́ ara wa. Ó gbé iná lé ọbẹ̀, ó gbàgbé rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìbátan mi ní kí a lọ wádìí, bóyá ẹnì kan ti fi nǹkan ṣe é. Èmi tí mo kàwé, mo fi ìyẹn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohun tí èmi sọ burú ju tirẹ̀ lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí mo dé tí kò sí oúnjẹ, mo sọ fún un pé ó ti di ọ̀lẹ.

Kò bá mi jà. Ó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú. Ara mi ni mò ń pè tí kò dá mi lóhùn.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó lé mi dé ilé ìkàwé ní ọjọ́ kejì. Ibẹ̀ ni mo ti bá Kocher pàdé, ibẹ̀ náà ni mo sì ti bá aya ilé kan pàdé ní Newcastle, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn dókítà Lọ́ńdọ̀nù ti mọ àìsàn tí ó jọ ti àwọn ará Bern, láìsí abẹ níbẹ̀. William Gull kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1873. William Ord fún un lórúkọ ní 1878. Ní 1888, ìgbìmọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù sọ pé ohun kan náà ni gbogbo rẹ̀, pé àìsí oje táírọ́ìdì ni ó fà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ pé àgbá omi ti gbẹ kò tíì pọn omi. Ní 1890, àwọn dókítà méjì ní Lisbon ri táírọ́ìdì àgùntàn mọ́ abẹ́ awọ obìnrin kan, ara rẹ̀ sì yá kíákíá. Ní 1891, ọ̀dọ́mọkùnrin dókítà kan, George Murray, ro ó pé bí ó bá jẹ́ oje ni ó ń ṣiṣẹ́, kí ni a ń ran ẹran sí? Ó fún oje táírọ́ìdì àgùntàn, ó sì fi abẹ́rẹ́ gún un sí abẹ́ awọ obìnrin ọmọ ọdún 46 kan. Àwọn ará ilé obìnrin yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí, ní ọdún mélòó kan ṣáájú, pé ọ̀rọ̀ àti ìṣe rẹ̀ ń falẹ̀; kò fẹ́ rí àlejò mọ́, iṣẹ́ ilé ń pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo kà á dé ibẹ̀, mo pa ìwé náà dé fún ìgbà díẹ̀.

Ara obìnrin náà yá. Ohùn rẹ̀ padà, wíwú ojú rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn dókítà mìíràn rí i pé kò tilẹ̀ sí ìdí fún abẹ́rẹ́, pé ẹnu ni a lè gbà lo oògùn náà. Edward Fox ní Plymouth ní kí aláìsàn rẹ̀ máa jẹ táírọ́ìdì àgùntàn tí a dín díẹ̀, pẹ̀lú jáàmù èso. Obìnrin Newcastle náà lo oògùn rẹ̀ fún ọdún 28. Nígbà tí ó kú ní 1919, ó jẹ́ ẹni ọdún 74, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé oje àgùntàn tí ó ju 870 lọ ni ó ti lò.

Ìyókù kò gùn. Ní ọjọ́ Kérésìmesì 1914, Edward Kendall ní Amẹ́ríkà yọ ògidì oje náà jáde láti inú táírọ́ìdì ẹlẹ́dẹ̀. Nínú nǹkan bí tọ́ọ̀nù 3 ẹran, gíráàmù 33 péré ni ó rí. Ní 1926 àti 1927, Charles Harington ní Lọ́ńdọ̀nù, tí George Barger bá ṣiṣẹ́, fi hàn bí a ti to ohun náà pọ̀, wọ́n sì ṣe é láìsí ẹran rárá. Irú èyí tí ó rọrùn láti lò bí hóró oògùn dé ní 1949. Ní 1970, wọ́n rí i lára àwọn tí kò ní táírọ́ìdì pé ara fúnra rẹ̀ ń sọ oògùn yìí di irú kejì tí ó lágbára jù. Òun ni hóró funfun kékeré tí ó wà lórí tábìlì wa.

Oògùn yìí kì í kánjú, bẹ́ẹ̀ ni Kocher kì í kánjú. Nǹkan bí ọjọ́ 7 ni ìdajì rẹ̀ fi ń tán nínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, bí dókítà bá yí ìwọ̀n rẹ̀ padà, ó di ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè sọ òtítọ́. Nínú àyẹ̀wò náà, wọ́n ń wo oje mìíràn tí ẹran kékeré kan nísàlẹ̀ ọpọlọ fi ń kígbe pe táírọ́ìdì. Bí igbe náà bá pọ̀, oògùn kò tó. Ti ìyàwó mi pọ̀ jọjọ. Dókítà tí a wá lọ bá bi í léèrè bí ó ti ń lò ó. Ó ní òun ń fi ẹ̀kọ àti mílíìkì gbé e mì láràárọ̀, pẹ̀lú hóró kálísíọ̀mù tí wọ́n fún un nítorí àwọn hóró ẹran mẹ́rin ẹ̀yìn táírọ́ìdì, àwọn ti Billroth. Dókítà mi orí. Kálísíọ̀mù ti ń di oògùn náà mú nínú ìfun láti oṣù mẹ́ta, kò jẹ́ kí ó wọ inú ẹ̀jẹ̀. Omi nìkan ni kí a fi lò ó, ó ní, kí ikùn ṣófo, kí wákàtí kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá kí a tó jẹun. Kálísíọ̀mù àti oògùn ẹ̀jẹ̀ tí ó ní irin nínú, ó di lẹ́yìn wákàtí 4.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gba iṣẹ́ yìí ṣe. Agogo márùn-ún ààbọ̀ ni mò ń gbé ife omi àti hóró kan sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀. Kálísíọ̀mù ń bẹ lọ́dọ̀ mi títí di ọ̀sán. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò mú nǹkan wá, ìkejì náà kò mú nǹkan wá, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú sí hóró náà bí mo ti bínú sí i. Lẹ́yìn oṣù kan àti ààbọ̀, wọ́n fi díẹ̀ kún un. Ó pọ̀ jù. Oorun dá lójú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì, àwọn ìbejì kò lè ju ṣíbí sílẹ̀ kí ó má pariwo. Èmi náà ti mọ ohun tí mò ń wò nígbà náà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, mo mú un lọ fún dókítà, wọ́n sì dín in kù. Ó tó oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kí n tó tún gbọ́ orin nínú ilé ìdáná ní ìdájí.

Mo ti sọ ìtàn àgùntàn 870 náà fún un. Ó ní obìnrin náà ṣe bẹbẹ, ṣùgbọ́n ta ni ó ń bá a ka àgùntàn? Ní àárọ̀ òní, bí mo ti gbé ife omi wọlé, kò tíì la ojú rẹ̀ tán tí ó fi ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ ti so tòní mọ́lẹ̀?”