Dhampir (eré Ravenloft)

Dhampir jẹ́ ẹ̀dá tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ lè jẹ́ òkú amùjẹ̀, tí ẹni tó ń ṣe eré Dungeons & Dragons lè fi ara rẹ̀ ṣe. Inú ìtàn àwọn ará Balkan ni orúkọ náà ti wá; wọ́n gbà níbẹ̀ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè rí amùjẹ̀, kí ó sì pa á. Ilé-iṣẹ́ Wizards of the Coast, ní Amẹ́ríkà, fi í sínú ìwé Van Richten's Guide to Ravenloft ní 2021. Ravenloft ni ilẹ̀ ìbẹ̀rù tí Tracy àti Laura Hickman gbé jáde ní 1983.

Dhampir máa ń gun ògiri bí alángbá, eyín rẹ̀ sì jẹ́ ohun ìjà. Ebi tí kì í tán ń dà á láàmú: ẹ̀jẹ̀, ẹran tútù, àlá ọmọlàkejì pàápàá. Bí yóò ṣe kó ara rẹ̀ níjàánu láàárín àwọn tó ń bẹ̀rù rẹ̀ ni kókó fífi ara ẹni ṣe dhampir nínú eré náà. Ẹni tí a kò bí bẹ́ẹ̀ lè di dhampir láàárín eré.