ỌJỌ́ MẸ́TA NÍ ABẸ́ÒKÚTA: ÌLÚ TÍ ÀWỌN TÍ OGUN LÉ NÍLÉ TẸ̀ DÓ

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.  

Ọ̀rọ̀ ilé ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí. Nínú àwa tí a wá láti agbègbè Ọ̀dẹ̀dá, bí a bá ń bọ̀ láti Kàdúná, a ó gba Jẹ́bà, a ó gba Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́, a ó la Ìbàdàn kọjá, a ó sì kan Ọmí-Àdìó àti Bákàtàrí kí a tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn wa. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti máa ń yà sí abúlé. Wọn a sin òkú, wọn a ṣe àlejò, wọn a jẹ, wọn a mu, nígbà tí ó bá sì di ọjọ́ Ajé, wọn a tún kọjú sí ọ̀nà Ìbàdàn. Abẹ́òkúta wà níwájú níbẹ̀, kò ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àwọn ọmọ kì í kàn án. Bẹ́ẹ̀ Abẹ́òkúta ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ń kọ sínú ìwé ní ilé ẹ̀kọ́ bí wọ́n bá ní kí wọ́n kọ orúkọ ìlú wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kàdúná ní oṣù kejì ọdún 2000, nígbà tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, ẹ kò ní gbàgbé bí àwọn ènìyàn ṣe ń di ẹrù mọ́jú. Ilé ni olúkúlùkù ń dárúkọ. Ṣùgbọ́n ilé tí ọmọ kò mọ̀, báwo ni yóò ṣe sá lọ síbẹ̀? Nítorí èyí ni ìdílé mẹ́ta nínú wa fi fi ẹnu kò pé nígbà tí àwọn ọmọ bá gba ìsinmi, a ó lo ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Àìkú ní Abẹ́òkúta, láìsí òkú, láìsí ìyàwó, láti fi ìlú náà han àwọn ọmọ. Àwa àgbà pàápàá, ní kékeré, kìkì bí a ṣe ń tẹ̀lé àwọn ìyá wa lọ ta gaàrí àti láfún ni a fi mọ̀ ọ́n. Ohun tí a rí, tí a sì gbọ́, ni a kọ sí ìsàlẹ̀ yìí.

LÁBẸ́ ÒKÚTA

Orí Olúmọ ni a kọ́kọ́ lọ. Àpáta náà ga tó mítà 137 sí ojú òkun. Wọ́n ti gé àtẹ̀gùn sí i lára, ìjọba sì tún ibẹ̀ ṣe gidigidi ní ọdún 2006, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni a fi gùn ún. Ní abẹ́ àpáta ni ihò ńlá wà tí àwọn ènìyàn fi ṣe ilé nígbà ogun. Àwọn ojú ọlọ tí àwọn ìyá fi ń lọ oúnjẹ ṣì wà lára òkúta níbẹ̀ títí di òní. Àwọn ọmọ wa ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n sì dákẹ́.

Kí a tó lè mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń gbé inú ihò àpáta, a ní láti padà sẹ́yìn díẹ̀. Nígbà àtijọ́, inú igbó tí ó wà ní ìlà-oòrùn Abẹ́òkúta ni àwọn Ẹ̀gbá ń gbé, ní ìlú kéékèèké tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń sìn. Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún ni Líṣàbí kó wọn jọ bí ẹgbẹ́ àáró, tí wọ́n ń bá ara wọn ro oko, títí ẹgbẹ́ aláàáró náà fi di ọmọ ogun tí ó gba Ẹ̀gbá kúrò lọ́wọ́ àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́. Ẹ wo ọgbọ́n baba! Nínú iṣẹ́ oko ni wọ́n ti rí òmìnira.

Àlàáfíà náà kò pẹ́ títí. Nígbà tí ogun Òwu parí ní nǹkan bí ọdún 1825, àwọn ọmọ ogun tí ó fọ́ Òwu kọjú sí àwọn ìlú Ẹ̀gbá, wọ́n sì ń fọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn Ẹ̀gbá tí ó kù wà pẹ̀lú àwọn jagunjagun ní bùdó Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kò rọgbọ fún wọn. Ní ọdún 1830, Ṣódẹkẹ́ kó wọn jáde, wọ́n sì wá sí abẹ́ Olúmọ, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Oko Adágbà nígbà náà. Ní ọdún 1834 ni àwọn Òwu tí ogun ti tú ká wá bá wọn, wọ́n sì gbà wọ́n mọ́ra.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa bi wá pé, “Ṣé àwọn náà jẹ́ àlejò níbí ni?” A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìlú tí a ń pè ní ilé wa yìí, àwọn tí kò ní ilé mọ́ ni ó tẹ̀ ẹ́ dó.

ORÚKỌ TÍ KÒ PARUN

Ẹ jẹ́ kí a fi ara balẹ̀ díẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà fún àwa tí a wà lájò. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ, wọn kò da ara wọn pọ̀ kí wọ́n sì gbàgbé ibi tí wọ́n ti wá. Àwọn ará Aké jókòó pọ̀, wọ́n pe àdúgbò wọn ní Aké. Àwọn ará Kémta, Ìtòkú, Ìjẹmọ̀, Ìporò, Igbẹìn àti Ìkìjà ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Olúkúlùkù gbé orúkọ ìlú rẹ̀ tí ogun fọ́ wá, ó gbé oyè àti òrìṣà rẹ̀ wá, ó sì tún un gbé kalẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀tá bá dé, ìlú kan ni wọ́n. Títí di òní, Aláké, Ọ̀ṣilẹ̀ ti Òkè-Ọnà, Àgùrá ti Gbágùrá àti Olówu wà níbẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ààfin rẹ̀.

Ìṣọ̀kan yìí ni ó gbà wọ́n lọ́wọ́ Dàhòmì. Ní oṣù kẹta ọdún 1851, ọba Gezo kó ogun wá, àwọn obìnrin jagunjagun rẹ̀ sì wà nínú wọn. Ní bodè Aro ni àwọn Ẹ̀gbá ti pàdé wọn, wọ́n sì lé wọn padà. Ní oṣù kẹta ọdún 1864, Glele ọmọ Gezo tún gbìyànjú, òun náà pa òfo. Ìlú tí kò tíì pé ọdún márùndínlógójì ni ó ṣe èyí!

ÌYÁ ÀTI ỌMỌ

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta a lọ sí Aké. Ibẹ̀ ni ilé ìjọsìn Pétérù Mímọ́ wà, tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1846, ọ̀kan nínú èyí tí ó pẹ́ jù lọ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé ìlú náà ní oṣù kejìlá ọdún 1842, Henry Townsend ti C.M.S. sì dé ní oṣù kìíní ọdún 1843. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn méjèèjì yìí ni ó kọ́kọ́ wá. Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti tà lẹ́rú, tí ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì kó sí Sàró, ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá ilé. Àwọn ni ó ránṣẹ́ pe àwọn ajíhìnrere.

Nínú wọn ni Àjàyí Crowther wà. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣógùn, tí wọ́n sì ya òun àti ìyá rẹ̀ nípá. Ọdún 1822 ni ó dé Sàró. Ó kàwé, ó di àlùfáà ní ọdún 1843, ó sì bá Townsend wá sí Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ ọdún 1846. Kò tíì lo oṣù kan níbẹ̀ tí ìyá rẹ̀, Afala, fi gbọ́ pé ó wà ní ìlú, tí ó sì wá a wá. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọn kò ti fojú kan ara wọn. Wọ́n ń wo ara wọn, wọn kò lè sọ̀rọ̀, omijé ni ó ń bọ́. Ní ọdún 1848 ni ìyá náà ṣe ìrìbọmi, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah. Musulumi wà nínú wa, Kristẹni sì wà, ṣùgbọ́n kò sí ìyá kan láàárín wa tí ìtàn yìí kò mú omi jáde lójú rẹ̀.

Ní ìlú yìí kan náà ni Townsend ti tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní ọdún 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni ó ń jáde, ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n sì ń tà á. Ní ọdún 1867, nígbà ìjà tí a ń pè ní Ìfọ́lé, wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò ní ìlú, ìwé náà sì dópin. Ṣùgbọ́n ìwé tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí, tí a fi èdè wa kọ ní ìlú àjèjì, a lè pè é ní ọmọ-ọmọ rẹ̀.

ÀWỌN OBÌNRIN ẸGBÁ

A kò lè sọ̀rọ̀ Abẹ́òkúta kí a má dárúkọ àwọn obìnrin rẹ̀. Ẹfúnróyè Tinúbú, tí wọ́n lé kúrò ní Èkó ní ọdún 1856, ni ó fi owó òwò rẹ̀ ra ohun ìjà fún àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbá, wọ́n sì fi jẹ Ìyálóde ní ọdún 1864. Ó kú ní ọdún 1887. Ẹ kíyè sí i pé òun náà jẹ́ ẹni tí wọ́n lé ní ibi tí ó ń gbé, tí ilé sì gbà á.

Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti náà ń bẹ, tí ó wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta Grammar School, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1908. Láti ọdún 1947 ni òun àti àwọn ìyá ọlọ́jà ti ń wọ́de lọ sí ààfin nítorí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin. Wọ́n fagi lé owó orí náà, Aláké Adémọ́lá Kejì sì fi ìlú sílẹ̀ ní ọdún 1949, kí ó tó padà sórí ìtẹ́ ní ọdún 1950.

Irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní Ìtòkú, níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ. Ìyá àgbà kan fi oríṣiríṣi hàn wá: oníko, tí a fi ìko di, alábẹ́rẹ́, tí a fi abẹ́rẹ́ rán, àti ẹlẹ́kọ, tí a fi ìyẹ́ adìẹ kọ ẹ̀kọ láfún sí lára aṣọ, kí aró má baà mú ibẹ̀. Ìyá sọ fún wa pé ọ̀pọ̀ aró òde òní kì í ṣe ewé èlú mọ́, oògùn inú agolo ni. Ọmọ wa kan fi èdè Hausa dá ìyá lóhùn láìròtẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọmọ mi, wá gbọ́ orúkọ aṣọ yìí lẹ́nu mi kí o tó lọ.” Ó sì kọ́ ọ títí ó fi mọ̀ ọ́n.

ỌNÀ TÍ Ó GBÉ WA LỌ

Kí a tó kúrò, a dé Láfẹ́nwá, níbi tí afárá reluwé ti kọjá odò Ògùn. Ní ọdún 1901 ni wọ́n ṣí ọ̀nà reluwé láti Èkó dé Ìbàdàn, tí ó gba Abẹ́òkúta kọjá. Nígbà tí ó fi di ọdún 1912, ènìyàn lè wọ ọkọ̀ náà láti Èkó dé Kánò. Irin yìí ni ó gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa wá sí Òkè Ọya, pẹ̀lú àpótí onígi àti ẹní. Ní ọdún 2021 wọ́n ṣí reluwé tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn. Wọ́n sọ ibùdókọ̀ rẹ̀ tí ó wà ní Láderin, ní Abẹ́òkúta, ní orúkọ Wọlé Ṣóyínká, ẹni tí wọ́n bí ní ìlú náà ní ọdún 1934.

Ní ọjọ́ Àìkú, bí a ti ń padà gba Ọ̀dẹ̀dá, ohun kan yé wa yékéyéké. Àwọn ibi tí àwọn Ẹ̀gbá fi sílẹ̀ nígbà ogun ni wọ́n ń pè ní orílé. Orílé Ìlúgùn wà ní agbègbè Ọ̀dẹ̀dá wa níbẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé inú igbó àti oko tí a ti ń ṣeré ní kékeré ni àwọn ènìyàn ti lọ tẹ ìlú ńlá yẹn dó. Bí ogun sì ti parí, àwọn kan padà sí oko baba wọn. Wọn kò jẹ́ kí ìlú gba orílé lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ̀bẹ̀ wa kò pọ̀. Bí ẹ bá ń lọ sílé lọ́dún tí ń bọ̀, bóyá Ọ̀ffà ni o, bóyá Ìjẹ̀bú, bóyá Èkìtì, ẹ fi ọjọ́ kan tàbí méjì kún un fún àwọn ọmọ. Ẹ mú wọn dé ìlú tí ó súnmọ́ abúlé yín. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà ibẹ̀ sọ̀rọ̀ sí wọn létí, kí ẹ sì sọ Yorùbá fún wọn nínú ilé kí wọ́n lè gbọ́ ohun tí àgbà ń sọ. Ẹ kò ní láti fi ìlú tí ẹ wà sílẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá kọ́ ilé síbi tí wọ́n dé, wọn kò sì sọ orúkọ ibi tí wọ́n ti wá nù. Ó ṣeé ṣe fún àwa náà.

A kì yóò sọnù sí àjò o. Àṣẹ.