Ta Ló Sanwó Oògùn Irorẹ́ Wa?

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àbúrò wa obìnrin nígbà tí irorẹ́ bo ojú rẹ̀. Kì í ṣe ẹyọ kan tàbí méjì tí èèyàn lè fi pọ́dà bò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, iwájú orí, àgbọ̀n, gbogbo rẹ̀ ló wú, àwọn mìíràn sì ní ọyún nínú. Nígbà tó yá, kò gbà kí ẹnikẹ́ni ya òun ní fọ́tò mọ́. Bí a bá pè é lórí fídíò, á kọjú fóònù sí àjà. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò fẹ́ kí ojú òun wà níbi ọ̀rọ̀ kankan mọ́.

Gbogbo ilé di dókítà. Màmá wa ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló dọ̀tí, wọ́n se àgbo. Àǹtí wa kan ní kó jáwọ́ nínú ẹ̀pà àti ṣokoléètì. Ẹnì kan ní ọṣẹ dúdú ló máa wò ó, ẹlòmíì ní ọṣẹ dúdú ọ̀hún gan-an ló fà á. Àwa ẹ̀gbọ́n, tí a ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ dalẹ́, tí a rò pé a gbọ́n, àwa la ṣe èyí tó burú jù: a fowó ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó ń po kíríìmù tà. Ní ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́, ojú ń dán, gbogbo wa ń yọ̀. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, irorẹ́ ti padà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, awọ ojú ti fẹ́lẹ́, oòrùn kékeré báyìí á máa ta á.

Dókítà awọ ara tí a padà gbé e lọ bá wo ojú náà díẹ̀, wọ́n wá kọjú sí wa. "Kí lẹ fún ọmọ yìí lò?" Ojú tì wá. Wọ́n ní àmì steroid ló wà lójú rẹ̀. Wọ́n ní kó fi kíríìmù yẹn sílẹ̀. Nígbà tí awọ ojú rọlẹ̀ díẹ̀, wọ́n kọ òògùn kan tó wà nínú túùbù kékeré fún un, tretinoin lorúkọ rẹ̀. Díẹ̀ báyìí, tó tó hóró ẹ̀wà kan, ni kó máa fi pa gbogbo ojú lálẹ́. Wọ́n ní ká má retí nǹkan ńlá kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjìlá.

Iṣẹ́ sọ́fítíwià là ń ṣe. Bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú iṣẹ́ wa, àṣẹ kan wà tó ń jẹ́ git blame. Ó máa ń fi ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan hàn, àti ọjọ́ tó kọ ọ́. Lálẹ́ ọjọ́ tí a gba túùbù yẹn, a fẹ́ mọ ẹni tó kọ ìlà tó wà nínú rẹ̀. Ohun tí a kà kò jẹ́ ká tètè sùn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí irorẹ́ fúnra rẹ̀. Ní 1941, olùṣèwádìí ará Amẹ́ríkà kan, James B. Hamilton, tẹ ìwádìí kan jáde. Ó wo àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá kí wọ́n tó bàlágà, irú àwọn tí wọ́n ń pè ní ìwẹ̀fà láàfin Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́. Irorẹ́ kì í yọ sí wọn lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gba testosterone, irorẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sára àwọn kan nínú wọn. Bí ayé ṣe rí ẹ̀rí pé họ́mónù wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Obìnrin náà ní irú họ́mónù yìí lára, bó tilẹ̀ kéré. Bí ọmọ bá ti ń bàlágà, họ́mónù á jí àwọn àpò òróró kéékèèké tó wà lẹ́bàá gbòǹgbò irun. Òróró á pọ̀, awọ tó ti kú á dí ẹnu ihò, kòkòrò àìfojúrí á máa bí síbẹ̀, ara á gbógun tì í, ibẹ̀ á wú. Nínú ihò ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí awọ. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí, tí ẹni tó ń fọ ojú rẹ̀ nígbà mẹ́fà lóòjọ́ ṣì lè máa yọ ọ́.

Àwọn tó fẹ́ ràn ọ̀dọ́ lọ́wọ́ kò sì fìgbà gbogbo dúró mọ ìdí kí wọ́n tó wò ó. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá títí wọ inú àwọn ọdún 1950, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ń fi ìtànṣán X-ray wo irorẹ́ ojú. Òróró ojú ń gbẹ lóòótọ́. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni jẹjẹrẹ ọrùn àti ti awọ ara wá yọjú lára àwọn kan tí wọ́n ti wò bẹ́ẹ̀ nígbà èwe.

Ibi tí túùbù àbúrò wa ti wá nìyí: ọgbà ẹ̀wọ̀n Holmesburg, nílùú Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Dókítà awọ ara kan tó ń jẹ́ Albert Kligman, láti Yunifásítì Pennsylvania, dé ibẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Àrùn ẹsẹ̀ ló ń bá àwọn ẹlẹ́wọ̀n jà, wọ́n ní kó wá wò ó. Ó sọ ọ́ fún oníròyìn lẹ́yìn náà pé nígbà tí òun wọlé, awọ ara lásán lòun rí, tó lọ bẹẹrẹ, bí ìgbà tí àgbẹ̀ rí ilẹ̀ ọlọ́ràá. Ó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò níbẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró títí di 1974.

Ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n yẹn jẹ́ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú bíi tiwa. Àwọn mìíràn ò tíì jẹ̀bi ẹ̀sùn kankan, owó béèlì ni wọn ò ní. Wọ́n ń san dọ́là díẹ̀ fún wọn kí wọ́n lè fi kẹ́míkà, ọṣẹ, ìpara àti oògùn dán ẹ̀yìn wọn wò. Ní àárín àwọn ọdún 1960, iléeṣẹ́ Dow Chemical san dọ́là 10,000 fún Kligman kó fi dioxin, májèlé kan, sára àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Irorẹ́ líle yọ sí àwọn kan lára. Ẹ tún un kà o: wọ́n fọwọ́ ara wọn fún èèyàn ní irorẹ́, kí wọ́n lè mọ bó ṣe ń ṣe.

Ibẹ̀ náà ni tretinoin, tó jẹ́ ẹbí fítámì A, ti rí ọ̀nà. Àwọn dókítà ní Jámánì ti kọ́kọ́ gbé e wò. Kligman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì tiwọn jáde ní 1969, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 1971 lábẹ́ orúkọ Retin-A. Ó ń la ẹnu ihò tó dí. Ó ń ṣiṣẹ́, kò sí àníàní.

Ní 1969 kan náà, wọ́n fún ènìyàn 65 ní ṣokoléètì jẹ, 35 nínú wọn jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n. Wọ́n ní kò sí ohun tí ṣokoléètì fi irorẹ́ ṣe. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì ló ṣètìlẹ́yìn fún ìwádìí náà, èyí tí wọ́n sì fi wé e kún fún ṣúgà àti ọ̀rá bákan náà. Torí náà, a ò lè fi ìwádìí yẹn pa Àǹtí wa lẹ́nu mọ́.

Èyí tó dùn wá jù ni ti 1975. Kligman àti ẹnì kejì rẹ̀ tẹ àpòpọ̀ mìíràn jáde: tretinoin, hydroquinone àti steroid. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó bó àwọ̀ dúdú lára. Dókítà lè fi irú rẹ̀ wo àbàwọ́n ojú fún ìgbà díẹ̀, kó máa ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n hydroquinone àti steroid yìí náà làwọn apòkíríìmù ń dà sínú ike aláìlórúkọ lọ́jà wa lónìí. Irorẹ́ máa ń fi àpá dúdú sílẹ̀ lójú wa, ọmọ tó ń wá bí àpá ṣe máa lọ ló ń bọ́ sọ́wọ́ wọn. Àṣé ojú ìlà kan náà ni oògùn tó fẹ́ wo àbúrò wa àti irú kíríìmù tó bà á lójú jẹ́ ti pàdé.

Kligman ní ohun tí gbogbo ẹlẹgbẹ́ òun ń ṣe nígbà yẹn lòun náà ṣe. Ní 2000, nǹkan bí 300 lára àwọn tó ti ṣẹ̀wọ̀n ní Holmesburg pe ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ ní àsìkò ti kọjá. Leodus Jones, ọ̀kan nínú wọn, fi ọ̀pọ̀ ọdún jà fún ẹ̀tọ́ wọn kó tó kú. Iléeṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Pennsylvania tọrọ àforíjì ní 2021, ìjọba ìlú Philadelphia náà tọrọ tiwọn ní 2022. Àwọn tó pọ̀ nínú wọn ti lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ojú àbúrò wa tún le sí i, awọ ń bó. Dókítà ti sọ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ ju túùbù nù. A jókòó tì í, a sọ ìtàn yìí fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n má lò ó mọ́ ni?" A ò ní ìdáhùn kíá. Nígbà tó yá, a sọ fún un pé bó bá jù ú nù, ohun tí wọ́n fara gbà kò ní padà sẹ́yìn. Ó gbé túùbù náà, ó fi pa ojú.

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Ojú rẹ̀ kò dán bíi ti fọ́tò ìpolówó. Ẹyọ kan tàbí méjì ṣì máa ń yọ bí nǹkan oṣù bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àpá díẹ̀ ṣì wà. Ṣùgbọ́n bí a bá pè é lórí fídíò, ojú rẹ̀ là ń rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹni tó ń bàlágà nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè gbé e lọ bá dókítà, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí obìnrin bá lóyún tàbí tó ń retí oyún, kó sọ fún dókítà kó tó fọwọ́ kan tretinoin. Ẹni tó bá sì ń ta kíríìmù fún yín, ẹ bi í léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ dì owó yín mú.